Ìpàdé ariwo jẹnẹrétọ̀ ní Agbowó: bí mo ṣe ṣètò rẹ̀ títí dé orí ìwé àdéhùn

Bí ẹ bá lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹ fẹ́ ṣe "ìpàdé àlàáfíà" ní àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ àti onílé jọ ń gbé, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta àti pásítọ̀ kan ló máa wá. Àwọn onílé á máa bi ara wọn pé, "Ta ló ń jà?" Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ àlàáfíà sínú ìwé tí mo pín. "Ìpàdé lórí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti owó iná" ni mo kọ. Ẹni 31 ló wá: onílé 11, akẹ́kọ̀ọ́ 13, oníṣọ́ọ̀bù 7.

Agbowó wà ní òdìkejì títì, ní iwájú geètì Yunifásítì Ìbàdàn. Láti 1948 ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di yunifásítì tó dá dúró ní 1962. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí yàrá ní Mellanby, Zik, Idia tàbí hóọ̀lù mìíràn nínú ọgbà ló ń sọdá wá gba ilé ní Agbowó àti Òrógùn. Ilé ibẹ̀ fún mọ́ra débi pé ẹni tó bá sín ní yàrá tirẹ̀, ará ilé kejì lè kí i. Ìjà ibẹ̀ kì í ṣe irú ti Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997 lórí ibi tí oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀ East yóò wà, tó sì gba ẹ̀mí àti dúkìá. Ti Agbowó kéré sí i: ariwo, owó iná, ìdọ̀tí ilẹ̀ tí wọn ò kó, ìkíni. Irú èyí ni ènìyàn bí èmi lè dáwọ́ lé. Èyí tó bá ti kan ilẹ̀, oyè tàbí ìbọn, ẹ má fi ìwé ìpolongo àti àga rọ́bà lọ bá a.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣàìmọ ọ̀rọ̀ àlàáfíà o. GST 312, ẹ̀kọ́ lórí àlàáfíà àti ìparí ìjà, wà nínú CCMAS, ètò ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ṣe fún àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Wọ́n á kà nípa Johan Galtung, onímọ̀ nípa àlàáfíà, ará Norway, tó ní pé kí ìbọn dákẹ́ nìkan kò tíì tó ohun tí à ń pè ní àlàáfíà. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìdánwò, wọ́n á gba A, alẹ́ ọjọ́ náà wọ́n á bá lándílọ́ọ̀dù fa wáyà iná mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nítorí náà ni mo ṣe mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tó ń gbé àdúgbò náà pé kí a jọ ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló sì gbà.

Ẹnu ọ̀nà tí ẹ bá gbà wọlé ló máa sọ bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, tó wá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn onílé, ti di "aṣojú yunifásítì" nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa sọ òótọ́ fún un mọ́. Ilé baba tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé ni mo kọ́kọ́ lọ, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kan péré. Mi ò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ mo dé ọ̀dọ̀ ìyá tó jẹ́ olórí àwọn oníṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà lẹ́mọ́ọ̀mù àti pásítọ̀, lẹ́yìn náà ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Ọlọ́dẹ yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí òun ló mọ ilé tí ariwo ti ń jáde ní aago 2 òru, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo fi ṣe ìkẹyìn: lẹ́tà ojú ewé kan sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, láti fi tó wọn létí pé ìpàdé ń bọ̀.

Iṣẹ́ tó kàn ni máàpù. Káàdìbọ́ọ̀dù funfun kan, máákà mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pupa ni a fi sàmì sí jẹnẹrétọ̀, búlúù sí kànga àti ẹ̀rọ omi, dúdú sí ibi tí ilẹ̀ ń kó jọ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la rin òpópónà yẹn: aago 7 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán, aago 9 ààbọ̀ alẹ́. Ẹni tó bá rin ín lọ́sàn-án nìkan yóò kọ pé kò sí wàhálà. Nọ́ńbà ilé la kọ sórí máàpù, a ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí bí ìwé yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìjà, ó ti di ẹ̀rí nìyẹn.

Máàpù yẹn tú àṣírí kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ lẹ́nu. Ilé tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn jù kọ́ ló ní jẹnẹrétọ̀ tó pọ̀ jù. Ibi tí wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ sí ojú ọ̀nà tóóró láàárín ogiri méjì ni ìjà wà. Ní gbangba, ariwo máa ń tàn ká, á sì máa rọlẹ̀ bí ènìyàn bá ṣe ń jìnnà sí i. Láàárín ogiri méjì, ṣe ló ń ta padà. Èéfín rẹ̀ náà kì í rí ibi gbà lọ, gáàsì olóró inú rẹ̀, carbon monoxide, sì ń pa ènìyàn lójú oorun láìní òórùn tó máa jí i. Ìmọ̀ràn àwọn elétò ìlera ni pé kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó 20 ẹsẹ̀ bàtà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ní Agbowó, ilé tó lè rí 20 ẹsẹ̀ bàtà kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ẹnu àwọn tó ń sọ pé "owó mi ni mo fi rà á" rọ̀ díẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ìpàdé ńlá tó wáyé, mo gbọ́ tẹnu ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: onílé, akẹ́kọ̀ọ́, àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ẹni mẹ́jọ ló pọ̀ jù nínú ìjókòó kan, ìṣẹ́jú 50 sì ni. Bí wọ́n bá ju mẹ́jọ lọ, ẹni méjì tó lẹ́nu jù ni yóò máa sọ ọ́. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo gbé lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ wo? Kí lẹ ṣe sí i? Kí lẹ fẹ́ kó yí padà láàárín oṣù kan? "Ní ọjọ́ wo" ni kókó ibẹ̀. Ẹni tó bá ní "gbogbo ìgbà ni wọ́n ń dà wá láàmú," bí ẹ bá bi í ní ọjọ́, á ronú, á wá sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó, èyí tí a lè tún ṣe.

Mo retí ariwo, mo retí owó iná. Mi ò retí pé ìkíni ló máa gba ìdajì àkókò àwọn onílé. "Wọn kì í kí ènìyàn." Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, ọmọ Ẹdó, ọmọ Íbò, ọmọ Tiv wà nínú wọn. Lójú tiwọn, ẹni tí wọn ò mọ̀ kò yẹ ní dídà láàmú. Lójú ìyá tó jókòó sí iwájú ilé, ẹni tó kọjá láìkí i ti bú u. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà láàárín wọn kò sàn jù, torí ṣe ni wọ́n ń ki íápíìsì bọ etí bí wọ́n bá ti jáde nílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ẹ̀dùn tiwọn: onílé kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí jọra ju bí wọ́n ṣe rò lọ, mo sì kọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí káàdìbọ́ọ̀dù kejì, tí mo ya igi sí: gbòǹgbò ìjà nísàlẹ̀, ìtì láàárín, èso lókè. Ariwo jẹ́ èso. Gbòǹgbò rẹ̀ ni pé wọn ò ka ara wọn sí ará ilé kan náà.

Ọjọ́ ìpàdé gba ọgbọ́n tirẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, Jímọ́ọ̀ wà. Sátidé, òde ariyá, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù sì ni ìmọ́tótó àyíká níbi tí wọ́n ṣì ń ṣe é. Àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì àti àṣàlátù. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹ gbàgbé akẹ́kọ̀ọ́. Mo mú Ọjọ́ Àìkú, aago 4 ìrọ̀lẹ́, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí wọ́n wọlé. Àga rọ́bà 40 la yá. A tò wọ́n yípo, kò sí tábìlì iwájú, torí bí tábìlì iwájú bá wà, àwọn olóṣèlú á wá jókòó síbẹ̀. Omi inú ọ̀rá àpò méjì, àkàrà àti búrẹ́dì. Lẹ́yìn ìpàdé la gbé oúnjẹ jáde.

Ohun tó lè ba irú ìpàdé yìí jẹ́ jù ni kí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí Baba alága bá ti la ọ̀rọ̀, ta lọmọ tó máa tún un là? Akẹ́kọ̀ọ́ á dákẹ́, ẹ ó rò pé ó ti gbà, kò gbà rárá. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, mo lọ bẹ Baba nílé pé kí wọ́n fi àdúrà ṣí ìpàdé, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn pa á dé. Ẹ má ṣe béèrè èyí ní gbangba o, yóò dà bíi pé ẹ ní kí wọ́n dákẹ́. Ọ̀rọ̀ èdè náà wà ńbẹ̀. Bí a bá sọ Yorùbá nìkan, ọmọ Tiv kò sí nínú ìpàdé. Bí a bá sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ìyá oníṣọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ó ń sọ wákàtí kan di méjì, kí ẹ ti ṣírò rẹ̀ mọ́ àkókò.

Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ ipò fún ìṣẹ́jú 15: onílé di ayálégbé, akẹ́kọ̀ọ́ di onílé. Ìgbà àkọ́kọ́, ó di àwàdà. Wọ́n ń sín ara wọn jẹ, inú sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bí àwọn kan. Mo dá a dúró, mo fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé tí mo ti kọ ìṣòro ẹni tó ń ṣe sí. Ti onílé: sókàwéè ti kún, ayálégbé méjì ò tíì san owó, omi ń jò láti òrùlé. Ti akẹ́kọ̀ọ́: ìdánwò ní aago 8 òwúrọ̀ ọ̀la, fóònù ti kú, owó oṣù yìí ò tíì wọlé láti ilé. Nígbà tí ìṣòro ti wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sín ara wọn jẹ mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó iná ló gùn jù, ìṣirò ló sì parí rẹ̀. Nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tó ní mítà alásansílẹ̀ kan, wọ́n ń dá owó dọ́gbadọ́gba. Ẹni tó ní gílóòbù kan ń san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń fi hot plate dáná. Mo kọ ọ́ sórí pátákó: hot plate 1000 wáàtì, wákàtí kan, yúnìtì kan ti lọ. Fáànù 70 wáàtì á ṣiṣẹ́ tó wákàtí 14 kó tó jẹ yúnìtì kan náà. Gbogbo wọn dákẹ́. Àwọn fúnra wọn ló ní kí a máa fi ààmì ṣírò: gílóòbù 1, fáànù 2, fíríìjì 5, hot plate 8, kí ẹni kọ̀ọ̀kan san gẹ́gẹ́ bí ààmì rẹ̀. Kò péye bíi mítà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn lóye rẹ̀.

Ìwé àdéhùn kò ju ojú ewé kan lọ, Yorùbá ní apá kan, Gẹ̀ẹ́sì ní apá kejì. Mo kọ̀ kí wọ́n kọ "kí a máa fi ọ̀wọ̀ fún ara wa" síbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n. Ohun tí a kọ ni pé jẹnẹrétọ̀ yóò kú ní aago 11 alẹ́, aago 12 ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Mẹ́rin tó wà ní ojú ọ̀nà tóóró yóò kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Onílé yóò kan ilẹ̀kùn, yóò sì dúró kí wọ́n dáhùn. Ayálégbé tuntun yóò lọ kí àwọn ará ilé mẹ́ta tó sún mọ́ ọn jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ ti ìkíni yẹn, ṣùgbọ́n Baba ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé kíkọ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá kan, mo fa ilà márùn-ún sí i: ọjọ́, aago, nọ́ńbà ilé, ohun tó ṣẹlẹ̀, bí a ṣe parí rẹ̀. Olè, ìfipábánilòpọ̀ àti ẹgbẹ́ òkùnkùn kì í wọ inú ìwé yẹn. Ọlọ́pàá ló ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ní kí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ wá jókòó fún ìlàjà. A tún pàdé ní ọjọ́ 30 àti ọjọ́ 60. Mẹ́ta nínú jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló ti kúrò ní ọjọ́ 30. Ẹ̀kẹrin kò rí ibi tó máa lọ, wọ́n bá yí ẹnu èéfín rẹ̀ sí títì, wọ́n sì ń pa á ní aago 10.

Èyí tó ń pa irú àdéhùn yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ níbì kan. Ẹni tó fọwọ́ sí i á jáde, tàbí ìdaṣẹ́sílẹ̀ á lé e lọ sílé. Ti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Nítorí náà, ọ̀kan nínú aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ṣì ku ọdún méjì ó kéré tán. Fọ́tòkọ́pì àdéhùn náà sì wà lọ́wọ́ àwọn onílé báyìí, wọ́n ń so ó mọ́ àgírímẹ́ǹtì ilé fún gbogbo ayálégbé tuntun. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọn ò kó ṣì wà nílẹ̀; àmì dúdú mẹ́rin orí máàpù wa kò tíì kúrò níbi tí wọ́n wà.