Bí mo ṣe ya àwòrán George Inn ní Southwark

Káfíńtà ni mí, Peckham ní London ni mo ń gbé. Níbi ẹ̀kọ́ alẹ́ tí mo ń lọ lórí títún ilé àtijọ́ ṣe, olùkọ́ wa ní kí oníkálukú yan ilé kan tí òfin ń dáàbò bò, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé bí ó ṣe di ohun tí a ń wò lónìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi sáré mú. Èmi mú ilé ọtí: George Inn, nọ́ńbà 77 ní Borough High Street, Southwark. Èmi kì í mutí o, igi ni mo bá lọ.

Kí n tó gbé tépù, mo kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ àwọn ilé tí òfin ń dáàbò bò, tí Historic England, àjọ tó ń rí sí ilé àtijọ́ ní England, ń tọ́jú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ipele mẹ́ta ló wà, I, II* àti II. Ipele I ni George wà, èyí tó ga jù, tó jẹ́ pé nínú 100 ilé tó wà nínú ìwé náà, bíi méjì ààbọ̀ péré ló dé ibẹ̀. Òfin yìí kò mọ sí ojú ìta nìkan, ó mú inú ilé náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ tún ilé bẹ́ẹ̀ ṣe lọ́nà tí yóò yí ìrísí rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ káńsù. Bí kò bá gbàṣẹ, ó ti rú òfin ìjọba, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Mo mú àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dání kó lè bá mi di ẹnu tépù mú. A tètè dé, wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn. Ó wojú mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé ọtí lẹ jí mi wá ní àárọ̀ kùtù yìí?" Mo ní kó di tépù mú.

Kí a tó wọlé, a kọ́kọ́ rìn ojú títì yẹn, nítorí orúkọ àwọn ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti sọ ìdajì ìtàn náà: King's Head Yard, White Hart Yard, George Inn Yard, Talbot Yard. Ilé èrò ni gbogbo wọn nígbà kan. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, London Bridge nìkan ni afárá tó wọ ìlú láti ìhà gúúsù, wọ́n sì máa ń ti ẹnubodè rẹ̀ lálẹ́. Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ lọ́nà, Southwark ló máa sùn. Talbot Yard ni Tabard wà, ilé èrò tí akéwì àtijọ́ Chaucer sọ nínú ìwé rẹ̀ pé àwọn arìnrìn-àjò òun ti gbéra lọ sí Canterbury. Wọ́n wó o ní 1873. Àmì kan lára ògiri ló kù níbẹ̀.

George ló kù nínú gbogbo wọn, òun náà kò sì kù tán. Tí o bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni ilé náà wà, ó gùn, alájà mẹ́ta ni. Apá kan rẹ̀ jẹ́ bíríkì pẹlẹbẹ tí kò ní ohun púpọ̀ láti sọ. Apá kejì ló mú mi jókòó sílẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n yọrí sí àgbàlá. Kò sí òpó lábẹ́ ti ìsàlẹ̀. Ìtì igi tó yọ láti ara ilé ló gbé e dúró, orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni àwọn òpó róbótó sì ti dúró gbé ti òkè. Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ kò le: inú àgbàlá yìí ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti ń yí padà, òpó tó bá wà níbẹ̀ kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi kọ lù ú. Àwọn igi ìfọwọ́tì rẹ̀ nípọn ju bí mo ṣe rò lọ, a wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ọ̀nà. Láti ibẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń wọ yàrá tí wọ́n ń sùn, bí agboolé tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí àgbàlá kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri máa ń fẹ́ràn láti sọ pé Shakespeare mutí níbí. Bóyá ó wọ ilé èrò tó wà lórí ilẹ̀ yìí, nítorí John Stow, òpìtàn ìlú London, ti dárúkọ George nínú ìwé rẹ̀ ní 1598. Ṣùgbọ́n Shakespeare kú ní 1616, iná ńlá jó Southwark ní 1676, ní 1677 ni wọ́n sì kọ́ èyí tí à ń wò. Igi tí mo fọwọ́ kàn kò mọ̀ ọ́n rí.

Rélùwéè ló pa iṣẹ́ ilé náà. Ibùdókọ̀ ojú irin London Bridge ṣí ní 1836, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ń wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin fi dín kù. Nígbà tó yá, George bọ́ sọ́wọ́ Great Northern Railway, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí, ní 1889 wọ́n wó ẹ̀gbẹ́ méjì tó yí àgbàlá ká pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ gúúsù nìkan ló ṣẹ́ kù. Ilé iṣẹ́ rélùwéè kan náà, tó ti di London and North Eastern, ló wá fi í fún National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, ní 1937. Inú bí mi, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, a wọlé. Àjà ibẹ̀ kò ga, pákó wà lára ògiri. Aago ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aago Parliament. Ìjọba bu owó orí lé aago ní 1797, wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ọtí fi gbé irú aago bẹ́ẹ̀ kọ́ fún ará ìlú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fagi lé owó orí náà, irú aago bẹ́ẹ̀ sì ti wà ṣáájú òfin ọ̀hún. Àbúrò mi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò, èmi ń ya igun ògiri.

Nínú àwòrán mi, ìlà kíkún ni mo fi ya ẹ̀gbẹ́ tó kù, mo wá fi ìlà tó ń já ya ẹ̀gbẹ́ méjì tí wọ́n wó. Láìsí wọn, ìtì igi tó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìlópó kò ní nítumọ̀ lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó, kó lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, èrò ọjà Borough tó wà ní òdìkejì títì máa ń kún àgbàlá náà, o ò ní rí igi kankan.