Bí Mo Ṣe Kó Èèyàn Kún Ilé Olódi Kan Nínú Eré Àròsọ Wa

Nínú eré àròsọ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń ṣe nídìí tábìlì, èmi ni mò ń pa ìtàn, àwọn ni wọ́n ń rìn nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń ṣe jagunjagun ẹlẹ́ṣin, ọ̀kan ń ṣe oníṣègùn, ọ̀kan sì ń ṣe olè. Ìtàn náà dé ibi tí wọ́n fẹ́ wọ ilé olódi opó ọlọ́lá kan lórí òkè, ilé olókùúta tí wọ́n ní dírágónì ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí mo fi ya ògiri àti ilé ìṣọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló gba iṣẹ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ilẹ̀kùn yòówù kí àwọn ọ̀rẹ́ mi kàn, ẹni tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò dá wọn lóhùn, kí onítọ̀hún sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe irú eré yìí, ìdílé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tò: baba, ìyá, àrẹ̀mọ, àbúrò tó ń jowú. Èmi gba inú ilé ìdáná wọlé. Ìdí ni pé ilé ọlọ́lá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, tí mo fi ṣe àwòkọ́ṣe, fi ìwé ìnáwó sílẹ̀ fún wa. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Eleanor de Montfort, àbúrò Ọba Henry Kẹta, aya Simon de Montfort tó jẹ́ Earl (oyè ọlọ́lá ńlá kan) ti Leicester. Ìwé ìnáwó ilé rẹ̀ láti oṣù Èrèlé títí dé oṣù Ògún 1265 ṣì wà ní British Library ní London. Ojoojúmọ́ ni akọ̀wé ń kọ ọ́: búrẹ́dì tí wọ́n jẹ, wáìnì àti ọtí bíà tí wọ́n mu, ohun tó wọ ilé ìdáná, oúnjẹ tí ẹṣin jẹ. Bí àlejò pàtàkì bá wá, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Lákòókò ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ẹja ló gba gbogbo inú ìwé náà. Ogun ń lọ lóde nígbà yẹn, ọkọ rẹ̀ ti mú ọba fúnra rẹ̀ ní ìgbèkùn láti ọdún tó ṣáájú, síbẹ̀ akọ̀wé kò ṣíwọ́ kíka búrẹ́dì.

Nítorí náà, mo mú bébà kan, mo fa ìlà sí i bíi ti akọ̀wé yẹn, mo sì bi ara mi pé ta ló ń jíhìn fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà búrẹ́dì fún mi ní olùtọ́jú búrẹ́dì, ọkùnrin tí ọ̀bẹ gígùn kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ló ń gé búrẹ́dì tó ti le sí pẹlẹbẹ kí wọ́n tó gbé ẹran lé e. Irú búrẹ́dì yẹn ni àwo ìjẹun wọn. Ìlà ọtí fún mi ní agbọ́tí. Wáìnì ayé ìgbà yẹn kì í pẹ́ kó tó kan, nítorí náà agbọ́tí tó bá fi èyí tó ti kan pamọ́ sẹ́yìn àgbá, tó ń bù ú fún àlejò kékeré, ó ní àṣírí lọ́wọ́. Ìlà ilé ìdáná fún mi ní olórí alásè àti ọ̀wọ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń yí ẹran lórí iná. Ìlà ẹṣin fún mi ní olórí ìbùsọ̀ ẹṣin, ẹni tó mọ gbogbo ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, nítorí kò sí àlejò gidi tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá.

Lórí gbogbo wọn ni ìríjú wà. Ní alẹ́, àwọn olórí ẹ̀ka wọ̀nyí máa ń wá jíhìn ohun tí wọ́n ná lọ́jọ́ náà, akọ̀wé á sì kọ ọ́. Mo fẹ́ràn ìpàdé alẹ́ yìí débi pé mo sọ ọ́ di ọkàn gbogbo ilé náà. Ibẹ̀ ni irọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ́ èèyàn kan ní ìkọ̀kọ̀ nínú ilé ìṣọ́, búrẹ́dì á fi í hàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun mẹ́ta: kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó jẹ ní gbèsè, àti ibi tó ń sùn. Ibi ìsùn ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ní yàrá tiwọn. Àwọn púpọ̀ ń sùn sí gbọ̀ngàn, sídìí ẹṣin, sí ìloro ọ̀gá wọn. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá ọlọ́lá, opó tó ni ilé náà, gbọ́ ohun tí ìríjú kò lè gbọ́ láéláé.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó ní gbọ̀ngàn ni mo wá dé. Níbí, ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ ni Robert Grosseteste, bíṣọ́ọ̀bù Lincoln, tó kọ ìlànà ìṣàkóso ilé fún opó Earl ti Lincoln lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ní 1240. Ó ní kí obìnrin náà máa jẹun ní gbọ̀ngàn níwájú àwọn èèyàn rẹ̀, kó jókòó sí àárín tábìlì òkè kí gbogbo ojú lè rí i. Kò fẹ́ kí àwọn ará ilé máa jẹun ní kọ̀rọ̀. Ó ní kí àwọn tó ń wọ aṣọ ilé, ìyẹn aṣọ tí ọ̀gá fún wọn, máa wọ̀ ọ́ dáadáa, kí wọ́n má fi aṣọ gbígbó àti ẹ̀wù ìdọ̀tí wá sídìí oúnjẹ. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ aláìníláárí. Tálákà, aláìsàn àti alágbe ni kí wọ́n pín in fún láìsí ariwo. Ẹni tó bá ka ìlànà yìí á mọ̀ pé gbogbo ohun tí bíṣọ́ọ̀bù ń kìlọ̀ fún ló ń ṣẹlẹ̀. Mo mú ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ẹnì kan tó ń ṣe é sínú ilé olódi mi: ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ń gbé egungun ẹran lọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn odi, ẹlẹ́ṣin arúgbó kan tó kọ̀ láti bọ́ ẹ̀wù ọ̀gá tó ti kú.

Ìgbà yẹn ni mo tó yà sí ìdílé. Opó ni mo fi ṣe olórí, ẹnu sì yà àwọn ọ̀rẹ́ mi nígbà tí mo ní kò sí ohun àròsọ nínú ìyẹn. Elizabeth de Burgh, ìyá ọlọ́lá Clare ní Suffolk, ti sin ọkọ mẹ́ta kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Ó ṣàkóso ilẹ̀ àti ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí ó fi kú ní 1360. Òun ni orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ wà lára Clare College ní Cambridge. Eleanor náà, nígbà tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan lójú ogun Evesham ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ògún 1265, inú ilé olódi Dover ló wà, ó sì di ibẹ̀ mú fún bí oṣù mẹ́ta kó tó kọjá sí ilẹ̀ Faransé. Opó ilé olódi lágbára, ewu sì wà lórí rẹ̀, nítorí ojú gbogbo ọkùnrin tó ń wá ilẹ̀ ń bẹ lára rẹ̀. Ohun tí mo nílò nìyẹn.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Mo mú wọn kúrò nílé. Àwọn ọlọ́lá máa ń rán ọmọ wọn lọ sílé ọlọ́lá mìíràn láti kékeré, kí wọ́n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ilé, bí a ti ń gbé oúnjẹ síwájú àgbà, bí a ti ń gun ẹṣin. Nítorí náà, àwọn ọmọ tó wà nínú ilé olódi mi, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin tí baba rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì dàgbà. Ilẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ìtọ́jú ìyá ọlọ́lá, ẹ̀tọ́ láti yan ọkọ fún un sì jẹ́ ohun tí wọ́n lè tà. Òfin gidi ni, wọ́n sì ń tà á gidi. Mo jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́n, kó sì mọ iye tí wọ́n dá lé orí rẹ̀. Nígbà tó sọ iye owó náà fún oníṣègùn ẹgbẹ́ wa láìyí ohùn padà, nídìí tábìlì wa, a ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Obìnrin kéré nínú ilé bẹ́ẹ̀ ju bí sinimá ti ń fi í hàn lọ. Ọkùnrin ló pọ̀ jù, títí dé ilé ìdáná. Ìyá ọlọ́lá ní àwọn obìnrin tó ń bá a gbé, olùtọ́jú ọmọ wà bí ọmọ bá wà, alágbàfọ̀ sì wà. Mo kọ ìtàn alágbàfọ̀ gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ lẹ́yìn ìyá ọlọ́lá fúnra rẹ̀. Aṣọ ibùsùn kì í purọ́: òun ló mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó lóyún, ẹni tí kò sun ilé. Mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé nípa ilé ọlọ́lá tí kò sì ní alágbàfọ̀ níbẹ̀ ti pàdánù ẹlẹ́rìí tó dára jù.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù lọ ni ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ilé náà. Àwọn ọlọ́lá kì í jókòó sójú kan. Ilẹ̀ wọn fọ́n káàkiri, nítorí náà wọ́n ń lọ láti ilé kan dé ìkejì, wọ́n ń kó ibùsùn, aṣọ ara ògiri, ohun èlò ìjọsìn àti ìkòkò sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Bí wọ́n bá ti lọ tán, ilé olódi á ṣófo: balógun odi, adènà, ẹ̀ṣọ́ díẹ̀, bóyá àlùfáà kan. Ìyẹn ni pé oríṣi ará ilé méjì ló wà, àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn tó ń ṣọ́lé. Bí ìyá ọlọ́lá bá dé, ìríjú rẹ̀ á fẹ́ máa pàṣẹ. Balógun odi tó ti ń dá sùn síbẹ̀ látìgbà òtútù kò ní fẹ́ gbọ́. Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ibodè lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́? Mo fi ìjà yìí ṣe òpó ìtàn náà. Mo jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi dé lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ń wọlé, tí gbogbo ènìyàn ń ké, tí balógun àti ìríjú ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tìbínútìbínú.

Dírágónì ló kù, àti oṣó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìtàn lára, nítorí náà mo fi wọ́n sínú ìwé ìnáwó. Àgùntàn tí dírágónì ń jẹ ní ìlà tirẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń gbé e sọ̀kalẹ̀ fún un. Ó ń gba owó ju agbọ́tí lọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì í nídìí oúnjẹ. Ní ti oṣó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi ara mi: ṣé òkè àlùfáà ni yóò jókòó ní tábìlì ni, àbí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Mo fi í sí òkè. Láti ọjọ́ náà ni àlùfáà ti ń ka àdúrà oúnjẹ gùn, kí ọbẹ̀ oṣó lè tutù.

Nígbà tí a ṣe é, olè ẹgbẹ́ wa lọ tààrà sọ́dọ̀ adènà láti fún un lówó. Adènà kò gbà á, nítorí ìríjú ló jẹ ní gbèsè, ẹ̀rù ń bà á. Olè náà kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́, ló bá yí padà síbi odò tí wọ́n ti ń fọṣọ. Alágbàfọ̀ kò béèrè owó. Ó ní kí ó bá òun fún aṣọ ibùsùn tó tóbi, bí wọ́n sì ti ń fún un lọ ló sọ fún un pé aṣọ méjì ló ń tilé ìṣọ́ àríwá wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan péré ni ìyá ọlọ́lá sọ pé ó ń gbé ibẹ̀. Ní alẹ́, ẹlẹ́ṣin wa tọrọ àyè láti jókòó níbi ìpàdé ìjíhìn, ó ń ka búrẹ́dì lọ́kàn rẹ̀ bí olùtọ́jú búrẹ́dì ti ń dárúkọ wọn.

Ẹni tó wà nínú ilé ìṣọ́ náà, mi ò tíì fi hàn wọ́n. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́wọ́ báyìí ni títo ẹrù sínú kẹ̀kẹ́, nítorí oúnjẹ ilé olódi yìí ti ń tán lọ, ilé náà sì gbọ́dọ̀ ṣí lọ sí òmíràn. Mo ti kọ ibùsùn ìyá ọlọ́lá, ohun èlò àlùfáà, ìkòkò ńlá mẹ́ta àti ẹyẹ àṣá pẹ̀lú olùtọ́jú wọn. Ọkùnrin tó ń bọ́ dírágónì ń béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí òun dúró tàbí kí òun bá wọn lọ, ìríjú kò sì tíì dá a lóhùn.