Bí mo ṣe gba ẹ̀jẹ̀ lára awakọ̀ tí wọ́n ní ó mutí

Nọ́ọ̀sì àgọ́ ọlọ́pàá ni mí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí ni wọ́n sábà máa ń fi wọn ọtí lára awakọ̀ níbí, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n mú wá lóru ọjọ́ náà ní ikọ́ fée, èémí rẹ̀ kò tó o fẹ́. Ni wọ́n bá pè mí.

Mo kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àyà rẹ̀ ń dún lóòótọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá bi í bóyá ó gbà ká gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé bó bá kọ̀ láìnídìí, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn lábẹ́ òfin. Ó gbà. Èmi náà tún bi í, torí mi ò ní fi abẹ́rẹ́ gún ẹni tí kò fẹ́.

Ní ọsibítù, sípíríìtì la sábà fi ń nu ojú ibi tí a fẹ́ gún. Nídìí iṣẹ́ yìí, èèwọ̀ ni! Ọtí ni sípíríìtì fúnra rẹ̀, agbẹjọ́rò sì lè sọ ní kóòtù pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ọtí ti wá. Èyí tí kò ní ọtí nínú ni mo lò.

Mo fa ẹ̀jẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, mo pín in sínú ìgò kéékèèké méjì. Ìyẹ̀fun funfun wà nísàlẹ̀ wọn: sodium fluoride, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí sọ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ di ọtí, àti potassium oxalate, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mo rọra ń dorí ìgò kodò, mo ń gbé e nàró, títí ìyẹ̀fun fi yòrò tán pátápátá. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀ lè ba ẹ̀rí jẹ́.

A lẹ orúkọ àti aago mọ́ ọn, a dí i pa níṣojú rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n fi ìgò kan lọ̀ ọ́, kó lè gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò tó bá wù ú. Ó mú tirẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ẹ̀tọ́ ńlá nìyẹn. Èkejì wọ fíríìjì, ó di ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí ọtí bá ju mìlígíráàmù 80 lọ nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ 100, ó ti rú òfin. Ní Scotland, 50 ni, láti 2014, èyí ló sì tẹ́ mi lọ́rùn jù.