Ẹ yé fowó ṣòfò lórí òkè: àṣìṣe àwọn tó ń ya fótò oòrùn àárọ̀ l'Ékìtì

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù ni mo máa ń mú èèyàn lọ ya fótò òkè n'Ìkẹ́rẹ́ àti l'Ẹ́fọ̀n. Kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé wá ju tèmi lọ fíìfíì, àmọ́ fótò tí wọ́n ń gbé relé, ó ń dùn mí fún wọn.

1. Pípẹ́ dé. Ẹ jẹ́ n sọ èyí dáadáa o. Wọ́n á wo fóònù, wọ́n á rí i pé 6:45 loòrùn máa yọ, 6:45 náà ni wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n á páàkì mọ́tò sí. Ó ti bọ́! Oòrùn tiwa kì í fẹ̀gbẹ́ yọ bíi ti ìlú òyìnbó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òkè tààrà ló ń gbà, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ ẹ̀ kì í fi pẹ́. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kó tó yọ ni ojú ọ̀run ti ń dà bí aró, tó bá fi máa tó ìdajì wákàtí tó ti yọ, ìmọ́lẹ̀ ti funfun, ó parí nìyẹn. Láàárín 6:20 sí 7:00 ló máa ń yọ níbí jálẹ̀ ọdún, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bọ̀dá kan tí mo mú lọ, owó ọ̀kadà tuntun ló fi ra lẹ́ǹsì, ó jẹ iyán sùn, mo kanlẹ̀kùn ẹ̀ẹ̀mẹta, "mò ń bọ̀, mò ń bọ̀", ìgbà tá a máa débẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé ti wà lójú títì. Ó wá ń bi mí bóyá kọ̀ǹpútà lè bá òun tún un ṣe. Ìmọ́lẹ̀ tí ò sí níbẹ̀, ibo ni kọ̀ǹpútà ti fẹ́ mú un wá? Ẹ jọ̀ọ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti lọ wo ibi tẹ́ ẹ máa dúró, kí 5:30 bá yín níbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

2. Kíkọjú sí oòrùn nìkan. Ẹ yíjú padà! Bó bá ti kọ́kọ́ kan Olósùnta, àpáta ńlá tó wà n'Ìkẹ́rẹ́, ara àpáta yẹn á pọ́n bí epo tuntun, ibi tí omi òjò ti ń ṣàn wálẹ̀ látọdúnmọ́dún á sì dúdú gbọ̀nrangandan bí ilà ojú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni, gbogbo wọn á sì kẹ̀yìn sí i.

3. Gbígbé kámẹ́rà sùn nínú AC. Èyí ti jẹ mí níyà rí l'Ẹ́fọ̀n. Bí mo ṣe gbé e bọ́ síta ni ojú lẹ́ǹsì bò bíi dígí tí wọ́n mí sí, mo nù ún, ó tún bò, mo nù ún, ó tún bò, kùrukùru àárín òkè tí mo torí ẹ̀ jí ti ká lọ kó tó là. Ẹ gbé báàgì sùn síbi tí AC ò dé.

Tripod, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, tó bá ti jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má rà á. ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, 100 ti tó. Ẹ má fọwọ́ tẹ kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kó ka ìṣẹ́jú àáyá 2 kó ya ara ẹ̀.

Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, òkè tó jìnnà ò ní hàn, lẹ́ǹsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ò lè ràn yín lọ́wọ́. Àárọ̀ tí òjò rọ̀ mọ́jú ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

Àti pé òrìṣà ni Olósùnta fáwọn ará Ìkẹ́rẹ́, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún ẹ̀, ẹ má gùn ún bí ẹni wọ ọjà. Ẹ wá ọmọ ìlú kan, ẹ kí àwọn àgbà, ẹ béèrè ibi tí àlejò lè dé. Kẹ́ ẹ sì wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, ìrì ìdájí máa ń jẹ́ kí àpáta yọ̀ bí ilá.