Ètè tó ń gbọ̀n lórí pèpéle: ohun tó ràn wá lọ́wọ́

Ọmọdébìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ olórin ìjọ wa tó ń fun trumpet. Nílé, orin rẹ̀ a máa dún geere. Tó bá dojú kọ èrò ní Sọ́ńdè, ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èémí á gé láàárín ìlà orin. "Àǹtí, àyà mi ń já," ló máa ń wí.

Gbogbo èèyàn ní kó máa mí kanlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dá kún un. Tèèyàn bá ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ léraléra, carbon dioxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, á dín kù jù nínú ẹ̀jẹ̀, òòyì á máa kọ́ ọ, ìka ọwọ́ á kú tìpìrì. Mímí síta tó gùn ló ń jẹ́ kí ọkàn lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bó ṣe ń ṣe é báyìí rèé: á fa afẹ́fẹ́ gba imú, á ka 1 dé 4, èjìká ò gbọdọ̀ gbéra, ikùn ni kó wú. Á wá tú u síta díẹ̀díẹ̀ gba ẹnu, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, á ka 1 dé 8. Ìṣẹ́jú 3 ti tó. Tí òòyì bá fẹ́ kọ́ ọ, kó dáwọ́ dúró. Alaalẹ́ ló ń ṣe é nílé kí ara lè mọ̀ ọ́n; ẹni tó bá dúró dìgbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà lásán ló ń kà.

Àyà ṣì ń já díẹ̀ o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fun ìlà orin dé òpin. Ọmọ tó ń kọ sòpránò ní òun ò lè kà kọjá 6. Mo ní kó fi í síbẹ̀.