Tí òòyì bá ń kọ́ oní-Parkinson tó bá dìde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú bàbá tàbí màmá tó ní Parkinson (àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó sì máa ń mú kéèyàn máa rìn falẹ̀), ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn wọn bíípí (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) wọn lórí ìjókòó kẹ́ ẹ wá ní kò séwu. Téèyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ máa ń wọ́ lọ sẹ́sẹ̀ àti ikùn, ara tó le á yára fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kó lè dé ọpọlọ, àmọ́ Parkinson máa ń ba nẹ́ẹ̀fù tó ń ṣiṣẹ́ yẹn jẹ́, levodopa, oògùn Parkinson tí wọ́n ń lò, náà sì lè já bíípí wálẹ̀, ká má tíì sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti prostate.

Kí wọ́n sùn gbalaja fún ìṣẹ́jú 5, ẹ wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n dìde dúró, ẹ dúró tì wọ́n o, ẹ wọ̀n ọ́n tó bá di ìṣẹ́jú 1, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 3. Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, bíípí tó ń já wálẹ̀ téèyàn bá dìde gan-an nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà, pẹ̀lú aago tí wọ́n loògùn àti aago tí wọ́n jẹun. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa sọ pé òòyì ń kọ́ àwọn o, ẹlòmíì á ní ọrùn àti èjìká ń ro òun, ojú ẹlòmíì á kàn ṣókùnkùn.

Àárọ̀ ló sábà máa ń le jù. Kí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ná, kí wọ́n máa na ẹsẹ̀ kí wọ́n máa ká a, kí wọ́n mu omi ife 2 kíákíá (tí dókítà ò bá ti ní kí wọ́n dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín) kí wọ́n tó dìde. Tójú bá ń ṣú wọn lórí ìdúró, kí wọ́n jókòó lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá wọn dúró. Bàbá tó ń dìde tọ̀ lóru, kó jókòó tọ̀. Ẹ̀bà ńlá lẹ́ẹ̀kan náà máa ń já bíípí, ẹ pín in sí díẹ̀díẹ̀. Fífi omi gbígbóná wẹ̀ àti ọtí mímu náà ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹni tó ń kírun, kó kí i lórí àga, torí àtiforíkanlẹ̀ dìde yẹn le fún wọn gan-an.

Ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi orí sókè díẹ̀, torí bíípí kan náà lè ga tí wọ́n bá sùn gbalaja. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ dédé fi iyọ̀ kún oúnjẹ láìbi dókítà, ẹ má sì dá levodopa dúró fúnra yín, ó léwu. Tí wọ́n bá dákú, tàbí tí wọ́n ṣubú fi orí gbálẹ̀, ọsíbítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró dọ̀la.