"Borrow" yàtọ̀ sí "lend" o

Ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá níbi iṣẹ́: "yá" tiwa ń lọ, ó ń bọ̀. Mo yá a lówó, mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò gba bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbà ló ń "borrow", ẹni tó ń fún un ló ń "lend". "Borrow me your pen" kò tọ̀nà. "Lend me your pen" ni. (Láàárín ara wa, ta ló ń wò ó!) Inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni "borrow" ti wá, lára "borg", ìyẹn ìdógò tàbí onídùúró. Ọ̀rọ̀ gbèsè pọ́ńbélé! Tó bá ń dà yín láàmú, "borrow from", "lend to".